Omi Ni Mo Ń Fín

Kí n tó sọ bí mo ṣe dúró sáàárín oko ara mi pẹ̀lú fìlà ìwẹ̀ ìyàwó mi lórí, tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù tò sétí ebè tí wọ́n ń wò mí, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò gùn. Ẹnu mi ló tóbi ju oko mi lọ.

Púlọ́ọ̀tì kan ni oko náà, lẹ́yìn ilé wa lọ́nà Mọ́níyà, ní Ìbàdàn. Àgbàdo àrọ̀kúrò ni mo gbìn sí i, mo sì fi ẹ̀wà sáàárín rẹ̀. Títí débẹ̀, kò sí ohun tuntun. Bí ìyá ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì pe ìpàdé lé e lórí. Èmi ni mo lọ ka nǹkan lórí fóònù. Mo kà pé bí èèyàn bá fi efínrín yí oko ká, tó gbin òdòdó marigold sórí ebè, tó fi ata há àárín, tó wá fi ewé tíì ṣe ọgbà, òórùn wọn kò ní jẹ́ kí kòkòrò kankan súnmọ́ ibẹ̀. Mo gbin gbogbo rẹ̀. Oko náà ń ta sánsán débi pé àwọn tó ń kọjá máa ń bi ìyàwó mi pé ọbẹ̀ wo ló ń sè.

Ìpàdé lańlọ́ọ̀dù dé, wọ́n ń jiyàn lórí gọ́tà, mo nawọ́. Mo ní kí gbogbo àdúgbò jáwọ́ nínú oògùn kòkòrò, májèlé ni. Mo ní ṣé wọn kò mọ̀ pé láti oṣù kẹfà ọdún 2015 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà? Oògùn kòkòrò DDVP tí àwọn èèyàn wa ń fín sí i ló fà á. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà lọ́hùn-ún kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kìlógíráàmù ẹ̀wà kan, wọ́n sì bá tó 4.6 nínú òmíràn. Ẹnu ya gbogbo ilé. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ, ìyẹn gan-an ló wá burú níbẹ̀. Mo fi kún un pé ní tèmi, ewéko ló ń gbèjà ewéko nínú oko mi, pé kẹ́míkà kò kan ilẹ̀ mi rí. Alága, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, tí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ láìtú ẹrù rẹ̀ wò, ní ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun. Ó ní ìgbìmọ̀ á wá wo oko náà ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni mo rí i pé ewé àgbàdo mi ti lu jára. Mo ya ọkàn ọ̀kan wò. Ìgbẹ́ kòkòrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ó rí bí ìyẹ̀fun pákó tí òjò pa. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gá ọ̀hún sùn sí, ó sanra, ó ń dán, àmì Y tó dorí kodò wà níwájú orí rẹ̀, tótótó dúdú mẹ́rin sì tò ní igun mẹ́rin nítòsí ìdí rẹ̀. Fall armyworm ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní Áfíríkà, ẹ sì wo ibi tó ti fojú hàn: oko àgbàdo IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, níbí ní Ìbàdàn, àti èyí tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́. Kòkòrò tó wọ ilé àwọn tó ń fi kòkòrò ṣiṣẹ́ láìkan ilẹ̀kùn, ṣé efínrín mi ni yóò wá bẹ̀rù? Abo àfòpiná rẹ̀ kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ó sì lè fò tó kìlómítà 100 lóru kan.

Ó yẹ kí n pe Alága kí n sọ fún un pé àlejò ti dé oko. Ohun tí ọmọlúàbí yóò ṣe nìyẹn. Èmi gba ọjà lọ.

Ọmọkùnrin tó ń ta oògùn oko kò bi mí irú kòkòrò tó jẹ́, kò sì bi mí ní ohun tí mo gbìn. Ó ní, “Ẹ má dààmú, Dádì, màá pò ó fún yín.” Ó bu díẹ̀ nínú gálọ́ọ̀nù kan, ó bu díẹ̀ nínú òmíràn, ó dà á sínú ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ó dé e. “Ìdérí méjì sí pọ́ǹpù kan. Tí wọn ò bá tètè kú, ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta.” Kò sí ìwé kankan lára ìgò náà. Òórùn rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní òpópónà kejì ló yá mi ní pọ́ǹpù. Ó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, èmi náà ń kánjú kí ẹnikẹ́ni má rí mi. N kò bi í ní nǹkan kan, òun náà kò sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pọ́ǹpù yìí díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá gbé e kọ́ ẹ̀yìn rí á rò pé èmi nìkan ni òpè. Èyí tí mo yá ń gba lítà 16. Omi lítà 16, kìlógíráàmù 16 nìyẹn, a ò tíì ka ike àti irin rẹ̀. Ọwọ́ òsì lèèyàn fi ń fa apá rẹ̀ sókè sódò. Fífà yẹn ló ń ti omi sínú ilé afẹ́fẹ́ kékeré kan nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ ló sì ń ti omi náà gba inú rọ́bà, dé ọ̀pá, dé ẹnu ọ̀pá. Ọwọ́ ọ̀tún á di ọ̀pá mú, á máa tẹ ìfà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń lọ ni ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ ṣe máa fà, kó má yára jù, kó má falẹ̀ jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ewé kan á mu yó, èkejì á gbẹ. Ẹnu ọ̀pá pàápàá kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó ń tẹ́ oògùn pẹrẹsẹ, ti koríko ni. Èyí tó ń tú u yípo, tó ń wọ abẹ́ ewé, ti kòkòrò ni. Afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa fẹ́ láti ẹ̀yìn ẹni tó ń fín in tàbí láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo èyí, ẹ̀yìn ìgbà tí ojú ti tì mí ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ní Sátidé yẹn, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé nǹkan náà wúwo.

Mo ti kà á pé èèyàn gbọ́dọ̀ bo ara. Mo wọ ẹ̀wù òjò, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́, mo de awò tí Táyé ọmọ mi fi ń lúwẹ̀ẹ́ mọ́jú, mo fi ìbòmú ayé Kòrónà di imú. Orí ló kù. Fìlà ọ̀rá ìyàwó mi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òdòdó funfun sì wà lára rẹ̀ yíká. Mo dé e.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo wọ oko. Ìpàdé di aago mẹ́wàá. Mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa sì ni mọ́kànlá ààbọ̀ nínú aago ẹlòmíràn. Mo ti ṣírò rẹ̀: màá fín in tán kí oòrùn tó mú, màá wẹ̀, màá wọ bùbá, màá sì dúró ní ẹnu ọgbà, màá máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí n kò fi kún ìṣirò mi ni pé ọ̀kan nínú àwọn lańlọ́ọ̀dù ń sìnkú ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìgbìmọ̀ ti ra aṣọ ẹbí, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sì gba iwájú ilé mi kọjá. Wọ́n ti fi sórí WhatsApp láti òru pé àwọn á yà lọ́dọ̀ mi ní kùtùkùtù kí wọ́n tó máa lọ. N kò wo WhatsApp. Mo ń fa pọ́ǹpù.

Poro àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ní ìkejì, afẹ́fẹ́ yí padà, oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lu ojú mi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Táyé àti awò rẹ̀. Ní ìkẹta ni mo rí i pé n kò de omọrí pọ́ǹpù dáadáa, nítorí ohun tútù kan ti ń ṣàn bọ̀ láti ọrùn mi wá sísàlẹ̀, ó ń gba abẹ́ ẹ̀wù òjò lọ síbi tí n kò lè dárúkọ fún yín. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń kú. Mo wá rí ìdè kékeré kan lára ìfà, tí wọ́n fi ń tì í kó lè máa fín in fúnra rẹ̀, kí ọwọ́ sinmi. Mo tì í. Inú mi dùn. Mo wá fẹ́ ṣí i. Kò ṣí. Ìbọ̀wọ́ ilé ìgbẹ́ ti ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, mo ń tẹ ibí, mo ń tẹ ọ̀hún, ọ̀pá náà ń fín lọ ní tirẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o!”

Mo yíjú. Gbogbo ara ni mo yí, ọ̀pá sì bá mi yí. Mo rí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù tí wọ́n fò sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà nínú léèsì búlúù, gèlè ń mì, fìlà gọ̀bì ń já bọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn kò tíì wọ inú oko. Orí ata ni oògùn náà já sí. Mo ti ẹnu ọ̀pá mọ́ ilẹ̀. Ó ń gbẹ́ ihò lẹ́sẹ̀ mi.

Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wo bàtà, wọ́n wo ìbọ̀wọ́, wọ́n wo awò, ojú wọn wá dúró lórí fìlà.

Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń fín yìí?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ wà nílẹ̀ nígbà yẹn, ó ṣeé mú. Mo fò ó.

“Omi ni, sà.”

“Omi?”

“Omi lásán, sà. Omi òjò. Mo fi ń fọ eruku ara ewé kúrò kí ẹ tó dé.”

Akọ̀wé, tó jẹ́ pé olùkọ́ ìṣirò ni, ní, “Tó bá jẹ́ omi ni, kí wá ni awò ojú wà fún?”

“Omi náà tutù.”

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo fẹ́ mú un padà, kò ṣeé mú. Alága mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ká apá agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí mi. “Ó dáa nígbà náà. Ooru ti ń mú. Ẹ bá mi fín díẹ̀ síbí kí n fi bọ́jú.”

Ẹ wo bí ọkùnrin yẹn ṣe mọ iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Kò bá mi jiyàn, kò pariwo, ó kàn ní kí n tú ẹrù. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo wo ọ̀pá. Ẹ̀yìn ti ń ta mí, ó ń yún mi, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìdí láìmọ̀.

“Sà,” ni mo wí, “omi náà kò tíì jinná.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó fi ikọ́ bò ó. Bóyá ibẹ̀ ni ìbá parí sí, kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dé Ọ̀yọ́ kí wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín bọ̀. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. “Dádì, ṣé júùsì yín rèé? Ẹ gbàgbé ẹ̀ sórí àtẹ̀gùn.” Ó ti ń yí ìdérí rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, akápò wa, ẹni tó fi ẹ̀kọ kọ́lé, ju pọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ré ebè kọjá tòun ti léèsì, ó gba ìgò náà lọ́wọ́ ọmọ. Ó ṣí i, ó jìnnà sí i, ó fẹ́ òórùn rẹ̀ wá sí imú. “DDVP wà nínú èyí,” ó ní. Kò wò mí. Ọmọ ló ń wò.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe mí. N kò ní àwíjàre. Èmi ni mo gbé e sórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n máa bu májèlé sínú ìgò tí ọmọdé mọ̀ sí ìgò ohun dídùn? Láti 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de ìgò DDVP kéékèèké tí kò ju mílílítà 100 lọ, torí àwọn èèyàn ń fi í pa ara wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n ra èyí tó tóbi, wọ́n sì ń bù ú tà lójú ọ̀nà nínú ìgò òfìfo tí wọ́n ṣà. Ìwé ara ike oògùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Orúkọ oògùn wà níbẹ̀, irú kòkòrò tó ń pa, ìwọ̀n tí a ó bù, iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó kórè, àti ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ẹnìkan bá gbé e mì. Ẹni tó bá bù ú kúrò nínú ike rẹ̀ ti ya gbogbo ìyẹn dànù, ó ní “ìdérí méjì”. Ìdérí èwo? Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó sì ń bí mi sí ara mi jù.

Ìyàwó mi jáde, ó rí fìlà rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó gé okùn pọ́ǹpù pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń gé efínrín, ó tì mí sí ẹ̀bá kànga, ó ní kí n bọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń da omi lé mi lórí pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, ó ń dà á, ó tún ń dà á. Ọgbà tó wà láàárín èmi àti ìgbìmọ̀ kò ju ewé tíì lọ. Ewé tíì kò ga. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́kọ ń kọ́ àwọn tó kù ní iṣẹ́ nínú oko mi.

Ó ya ọkàn àgbàdo tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fín tán. Ó yọ kòkòrò kan jáde, ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ kí gbogbo wọn rí i. Ó ń rìn. Ara rẹ̀ gbẹ táútáú.

“Bàbá Ìbejì!” ó pè mí láti ibẹ̀. “Inú ni kòkòrò ń gbé. Ìta lẹ ń fín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni mo dáhùn láti inú ìfófòó.

“Ẹ ò rí i pé ìgbẹ́ rẹ̀ ló fi ṣe ilẹ̀kùn? Oògùn kankan ò ní í wọlé bá a.” Ó wá ń ṣàlàyé fún wọn, ohùn rẹ̀ sì ròkè tó kí n lè gbọ́. Ó ní láti ìgbà tí àgbàdo bá ti yọ ewé díẹ̀ ni òun ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyin kòkòrò náà máa ń wà lójú kan lára ewé, irun wínníwínní bò ó. Àtàǹpàkò ni òun fi ń pa á, kò náni ní kọ́bọ̀. Bí ó bá ti di kòkòrò tó ti wọ inú ọkàn, iyanrìn tàbí eérú ni òun ń bù sí i. Bí ó bá wá di dandan kí òun fín oògùn, ìgbà tó bá ṣì kéré ni, ní ìrọ̀lẹ́ tí kòkòrò náà ń jáde wá jẹun, ẹnu ọ̀pá á sì kọjú sí inú ọkàn àgbàdo gan-an. Ní ti ẹ̀wà, òdòdó rẹ̀ ni ogun rẹ̀. Àwọn kòkòrò wínníwínní á wọ inú òdòdó, àwọn tó ń jẹ èso rẹ̀ á tẹ̀ lé wọn. Àárọ̀ sì ni òdòdó ẹ̀wà ń ṣí, àárọ̀ ni oyin ń bá a ṣeré. “Ẹni tó bá fín oògùn láàárọ̀,” ó ní, “oyin ló pa.”

Alága bi í pé efínrín ńkọ́.

“Efínrín dára,” ni Ìyá Ẹlẹ́kọ wí. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi se ọbẹ̀.”

Wọ́n bá ti Ọ̀yọ́ lọ.

Ẹ rò pé ó tán? Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀wà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Igi rẹ̀ ń tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, ewé rẹ̀ ń ká kò. Ata tẹ̀ lé e. Marigold sorí kọ́. Efínrín, efínrín ọlọ́lá, gbẹ láti orí wá sísàlẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo gbìn, àgbàdo àti ewé tíì nìkan ló dúró, inú àgbàdo náà sì ni kòkòrò ṣì wà, ó ń jẹ, ó ń sanra. Ẹ̀ṣọ́ tí mo gbìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Olè ò fara pa.

Mo pe ẹ̀gbọ́n tó yá mi ní pọ́ǹpù. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi pọ́ǹpù yẹn fín kẹ́yìn?” Ó ní, “Oògùn koríko ni, 2,4-D, ní oko àgbàdo mi. Ṣé ẹ ò fọ̀ ọ́ ni?” Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe oògùn náà fún nìyẹn: ewéko eléwé pẹrẹsẹ ló ń pa, kì í pa àgbàdo, nítorí ìran koríko ni àgbàdo, ewé tíì náà sì ni. Ó máa ń mú kí ewéko dàgbà ní ìdàgbà wèrè títí yóò fi lọ́ ara rẹ̀ pa. Díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù sínú rọ́bà pọ́ǹpù tó láti ba ẹ̀wà jẹ́, omi ẹ̀ẹ̀kan kì í sì í fọ̀ ọ́ kúrò. Wọ́n máa ń ṣan án léraléra, wọ́n á fi ọṣẹ tàbí amóníà sí i, wọ́n á fín ìyẹn gba ẹnu ọ̀pá jáde. Àwọn àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ kì í tilẹ̀ dán an wò. Pọ́ǹpù koríko lọ́tọ̀, pọ́ǹpù kòkòrò lọ́tọ̀.

Ó wá dùn mí pé n kò purọ́ tó bí wọ́n ṣe rò. Ewéko ń gbèjà ewéko lóòótọ́. Ní Mbita, létí adágún Victoria ní Kenya, Zeyaur Khan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí kòkòrò icipe, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Rothamsted ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe é láàárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn àgbẹ̀ sì ń lò ó títí di òní. Wọ́n gbin desmodium, tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, sáàárín àgbàdo. Òórùn rẹ̀ ń lé àfòpiná tó ń bí mùkúlú inú igi àgbàdo, ó sì ń pe àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń pa mùkúlú náà wá. Wọ́n wá fi eèsún yí oko ká. Àfòpiná fẹ́ràn eèsún ju àgbàdo lọ, ibẹ̀ ni yóò yé ẹyin rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá ti ń wọ inú igi eèsún, oje kan á sun jáde, á lẹ̀ ẹ́ pa. Èkíní ń tì, èkejì ń fà. Nígbà tí kòkòrò àgbàdo ti Amẹ́ríkà dé, wọ́n wo àwọn oko tí wọ́n ti gbin irú wọn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì kéde ní 2018 pé kòkòrò náà fi ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ dín kù níbẹ̀ sí oko àgbàdo lásán. Ẹ ò rí ìyàtọ̀? Wọ́n mọ kòkòrò tí wọ́n ń bá jà, wọ́n mọ ewé tó kórìíra, wọ́n mọ èyí tó fẹ́ràn, wọ́n sì dán wọn wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi gbin ohun tó ń ta sánsán. Marigold tí mo fi ṣe ọ̀ṣọ́ orí ebè, kòkòrò tín-ín-rín inú ilẹ̀ tó ń wú gbòǹgbò tòmátì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Kí ló kàn án pẹ̀lú ohun tó ń jẹ ọkàn àgbàdo? Eèsún ńkọ́? Mo sanwó fún àwọn tó ro ó kúrò lẹ́yìn ọgbà mi kí n tó gbin nǹkan kan.

Ohun tó tún ń ta mí lára ni pé Ìbàdàn ni mo ń gbé, ìlú tó yẹ kí ara ẹ̀ ti gbọ́n. Nígbà tí kòkòrò funfun orí ẹ̀gẹ́ ń run oko jákèjádò Áfíríkà, IITA ni onímọ̀ kòkòrò Hans Herren wà tí wọ́n fi mú agbọ́n kékeré kan wá láti Paraguay, tí wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Agbọ́n yẹn ló gba ẹ̀gẹ́ là. Wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Bí gbogbo àgbẹ̀ bá ti ń fín ohun tí mo fín láàárọ̀ Sátidé yẹn, agbọ́n náà ni ìbá kọ́kọ́ kú.

Akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. “Ìgbìmọ̀ ṣàbẹ̀wò sí oko Bàbá Ìbejì, wọ́n sì bá a níbi tó ti ń fi omi tútù fọ ewé.” Kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ìṣirò kì í rẹ́rìn-ín. Alága ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, “Omi” ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí, àwọn àgbà sì ń pè mí ní “Omi, sà”.

N kò jáwọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, màá gbin àgbàdo, màá gbin eèsún yí i ká, Ìyá Ẹlẹ́kọ sì ti ní òun á máa yà wá yẹ ọkàn wọn wò pẹ̀lú mi. Mo ń wá pọ́ǹpù kan tí kò mọ oògùn koríko rí láti ilé ìtajà, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ní, kó jọ̀wọ́ gbé e wá lálẹ́, kó fi aṣọ bò ó. Ilé Alága ló kọjú sí tèmi.